Ẹni Tó Bá Fojú Polówó Mọ́tò, Onígbọ̀wọ́ Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́. Lóṣù yìí, mo fẹ́ sọ ọ́ jáde, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀ tó ń polówó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni: òṣèré, olórin, agbábọ́ọ̀lù, títí kan àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ojú ara wọn síta pé ẹ wá ra mọ́tò tiwa. Ohun tí mo ní í sọ kò gùn. Ẹni tó bá gbé ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, tó ní ká rà á, onígbọ̀wọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, bí ẹni tí onígbọ̀wọ́ dúró fún bá sá lọ, onígbọ̀wọ́ ló ń san gbèsè.

Ṣé àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tún nílò kí n túmọ̀ onígbọ̀wọ́ fún wọn? Ìlú oníṣòwò ni Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ gbé ọjà lọ sí Jọ́ọ̀sì, wọ́n gbé e lọ sí Kánò, wọ́n gbé e dé Tamale ní àríwá Gánà, kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní 1969 pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù wọn. Ọba Jimoh Oládùnní Oyèwùmí, Ajagungbádé Kẹta, tó jẹ Ṣọ̀ún láti 1973 títí tó fi wàjà ní 2021, oníṣòwò ní Jọ́ọ̀sì ni kó tó gorí oyè. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, àwìn kì í ṣàì wà. Bí ẹni tí wọn ò mọ̀ rí bá wá gba ìdì aṣọ márùn-ún láwìn, wọn ò ní wo bí ojú rẹ̀ ṣe lẹ́wà tó. Ohun tí wọ́n á bi í ni pé, "Ta ló dúró fún ọ?" Bí ẹni iyì kan bá ní, "Èmi ni," ọjà á jáde. Bí ọjọ́ bá pé tí owó ò wọlé, ilé ẹni iyì yẹn ni wọ́n ń gbà lọ. Kò lè ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́." Ẹnu rẹ̀ yẹn ni wọ́n wò kí wọ́n tó gbé ọjà sílẹ̀.

Ó dáa, ẹ wá wo ìpolówó mọ́tò. Gbajúmọ̀ kan wọ agbádá tó ń tàn yanran, ó jókòó sídìí ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Títì tó ń gbà kò ní kòtò kan ṣoṣo. Kò sí ọlọ́kadà tó já wọ iwájú rẹ̀, kò sí tírélà tó ṣubú dábùú ọ̀nà. Ó ní ọkọ̀ yìí ló bá ẹni ńlá mu. Ìwọ tó ń wò ó látilé, o ti ń rí ara rẹ nínú agbádá yẹn. O lọ yáwó lẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, o ra mọ́tò. Nígbà tó di oṣù kẹta, gíà ò wọlé mọ́. O wá gbajúmọ̀ rẹ títí, o ò rí i. Ó ti wà nínú ìpolówó ọṣẹ.

Ẹnìkan á sọ pé, "Ìwọ akọ̀ròyìn yìí, rọra o. Iṣẹ́ ni òṣèré ń ṣe. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ fún un, ó kà á. Bí onílù bá ki olówó, ṣé wọ́n máa ń mú onílù nítorí gbèsè olówó ni?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Onílù tó ń ki ènìyàn lóde àríyá, ẹni tó ń kì ló ń náwó fún un. Bó bá pe ọlọ́kadà ní ọlọ́la tó ń gun Bẹ́ǹsì, gbogbo wa á rẹ́rìn-ín, owó ọlọ́kadà ló sì lọ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ gángan tó máa sáré lọ sílé lọ kó owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ẹ̀ wá. Àmọ́ onílù ti ìpolówó mọ́tò yìí, ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó fún un, àpò tèmi tìrẹ ló sì ń lùlù sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ó ti kúrò ní oríkì, ó ti di ìgbọ̀wọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó polówó ọkọ̀ tirẹ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú òṣèré tí wọ́n háyà. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ ká rí èyí kedere. Chrysler lorúkọ rẹ̀, ojú méjì sì ni ayé fi mọ̀ ọ́ nígbà kan. Ojú kìíní ni ti Ricardo Montalban, òṣèré tí wọ́n bí ní Mẹ́síkò, arẹwà ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ dùn létí. Láti bí 1975 ló ti ń polówó ọkọ̀ wọn kan tó ń jẹ́ Cordoba. Ó máa ń yin awọ tí wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀, awọ Kọ́ríńtì ni wọ́n sì pe awọ náà. Ẹni tó bá ka Bíbélì á rò pé ìlú tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí ni wọ́n ti ń kó o wá. Rárá o. Àwọn apolówó ọjà ló jókòó sí ọ́fíìsì tí wọ́n hun orúkọ yẹn jọ. Newark ní New Jersey ni púpọ̀ nínú awọ náà ti wá. Nígbà tó yá, wọ́n bi Montalban fúnra rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní orúkọ náà kò nítumọ̀ kankan. Wọ́n rín in lẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀.

Ojú kejì ni ti Lee Iacocca. Ilé-iṣẹ́ Ford lé e dànù ní 1978, Chrysler sì gbà á. Nígbà yẹn, Chrysler ń kú lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló ṣe onígbọ̀wọ́ fún wọn pẹ̀lú òfin tí wọ́n ṣe ní 1979, kí wọ́n lè rí owó yá tó tó bílíọ̀nù 1.5 dọ́là. Kàkà kí Iacocca fi òṣèré bojú, òun fúnra rẹ̀ ló wọ kóòtù tó bọ́ síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó sọ fún àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tó dára ju tòun lọ, kí wọ́n rà á. Ní 1983, wọ́n ti san gbèsè náà tán, ọdún méje ṣáájú àkókò tí wọ́n dá.

Ẹ dúró ná, ìtàn náà kò tíì tán. Ní 1987, àṣírí tú. Àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ Chrysler ń wa ọkọ̀ tuntun lọ sílé láti ilé-iṣẹ́, wọ́n á yọ wáyà aago tó ń ka máìlì kó má bàa kà, ẹ̀yìn náà ni wọ́n á tà á fún ènìyàn bí ẹni pé ẹnì kan ò wà á rí. Ọkọ̀ tó lé ní 60,000 lọ̀rọ̀ kàn. Àwọn kan tiẹ̀ ti fara gbá nínú jàǹbá, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n tà wọ́n bí tuntun. Ilé-ẹjọ́ ti wọ̀ ọ́. Kí ni Iacocca ṣe? Ó jáde síta, ó ní ìwà òmùgọ̀ ni, ó ní kò sí àwáwí. Ó ṣèlérí pé àwọn á pààrọ̀ àwọn tí jàǹbá ti bà jẹ́, wọ́n á sì fi kún ọdún ìdánilójú tí wọ́n fún àwọn tó kù.

N kò sọ pé áńgẹ́lì ni Iacocca o. Ilé-iṣẹ́ tó ń darí ló hu ìwà jìbìtì yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí ilé jó, ojú tó ta ọkọ̀ náà ló wá dúró síwájú èéfín. Wọ́n mọ ilẹ̀kùn ẹni tí wọ́n máa kàn. Kò sẹ́ni tó lọ kan ilẹ̀kùn òṣèré aláwọ Kọ́ríńtì. Àwọn ará Amẹ́ríkà pàápàá mọ̀ pé irọ́ pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí, débi pé ní 1986 ilé-iṣẹ́ Isuzu gbé òṣèré kan, David Leisure, síta láti máa parọ́ gbuurugbu nípa ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé irọ́ lọ̀gbẹ́ni yìí ń pa. Inú àwọn ènìyàn dùn sí i. Ó kéré tán, ẹni yẹn kò fi irọ́ tiẹ̀ pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wàyí. Ní oṣù Kẹta 1975, ilé-iṣẹ́ méjì ṣí nílẹ̀ wa: ti Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó. Ta ló polówó Peugeot 504 jù? Ìjọba ni. Nígbà ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, 1976 sí 1979, wọ́n ní káwọn ọ̀gá ìjọba gbé ọkọ̀ fàájì sílẹ̀, kí wọ́n máa gun 504. Ìyẹn ni mo pè ní ìpolówó! Ẹni tó ní kó o rà á, inú rẹ̀ lòun náà jókòó sí. Àwọn dírẹ́bà tó ń fi 504 ẹlẹ́yìn gígùn kó èrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sókè Ọya sì jẹ́rìí sí i pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ti Volkswagen ńkọ́? Ìgboro ló wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó sọ ọ́ ní ìjàpá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára dòní.

Ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan dojú rú, ta ló wá dúró níwájú wa? Volkswagen ti Èkó kò to ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ní bí 1990. Ti Kàdúná rù hangogo, títí ìjọba fi tà á ní 2006. Àwọn tó gé rìbọ́ńnù ní 1975, tí wọ́n ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èmi ò rí ọ̀kan nínú wọn kó wá sọ fún ẹni tó ní ìjàpá níbi tí yóò ti máa rí páàtì rà.

Àwọn olóṣèlú wa òde òní ló tún wá burú jù. Ní 2010, Ààrẹ Goodluck Jonathan lọ ṣí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Innoson ní Nnewi. Láti ìgbà náà, kò sí olóṣèlú tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé, "Ẹ ra ohun tí a ṣe nílé." Ó dùn létí. Nígbà tó di 2023, tí àwọn aṣòfin Àbújá fẹ́ ra ọkọ̀ tiwọn, ọkọ̀ Toyota láti òkè òkun ni wọ́n rà. Nígbà tí aráàlú pariwo, alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìrọ̀rùn àwọn sẹ́nétọ̀ dáhùn pé Land Cruiser ló lè fara da títì wa. Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ń polówó ọkọ̀ ilé, ìdí wà lórí ọkọ̀ òkèèrè. A ní kí wọ́n fẹ́ wa lójú, ata ni wọ́n fi sẹ́nu.

Nínú ọ̀rọ̀ Innoson yìí kan náà, ẹ lè rí oríṣi ojú méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gbẹ́ni Innocent Chukwuma tó dá a sílẹ̀ ti fi páàtì alùpùpù ṣòwò rí ní Nnewi. Orúkọ tirẹ̀ ló wà lára ọkọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń jáde síta sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dára, òun ni. Bí kò bá dára, orúkọ rẹ̀ kò ní ibi tó máa sá sí. Ìyẹn tó mi gẹ́gẹ́ bí onígbọ̀wọ́. Ní 2020, nígbà tí Laycon, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, borí nínú eré Big Brother Naija, ọkọ̀ Innoson wà lára ẹ̀bùn tí wọ́n fún un. Ó bá a yọ̀, ó tọ́ sí i. Kò jẹ̀bi ohunkóhun. Mo kàn ń bi yín ni: ẹni tí wọ́n fún ní ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, báwo ni ẹ̀rín rẹ̀ nínú fọ́tò ṣe lè sọ fún olùkọ́ ilé-ìwé ní Ọ̀yọ́ bóyá ọkọ̀ náà tó owó tí wọ́n ń pè é? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ẹni tó jẹ́ ọkọ̀ tuntun nìkan ló mọ̀, kò mọ ọkọ̀ tó ti pé ọdún mẹ́fà.

Àwọn tó mọ ọkọ̀ ọdún mẹ́fà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bi bàbá mẹkáníìkì kan lọ́nà Tákíé pé, "Bàbá, nínú gbogbo àwọn tó ń polówó mọ́tò, ta lẹ gbà gbọ́ jù?" Kò tiẹ̀ gbórí sókè kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá lè sọ iye tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ ń tà lọ́jà." Ó parí.

Ẹ wo orúkọ tí ìgboro fún àwọn tòkunbọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀. Camry sanra, wọ́n pè é ní Orobo. Èyí tó tẹ̀ lé e, tí iná rẹ̀ tín-ín-rín, wọ́n ní Tiny Light. Èyí tó tún tóbi lẹ́yìn rẹ̀ di Big Daddy. Accord kan wà tí wọ́n ń pè ní Bulldog, òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní End of Discussion. Ta ló sanwó fún àwọn orúkọ yìí? Kò sẹ́ni kankan. Awakọ̀, mẹkáníìkì àtàwọn oníṣòwò páàtì ló sọ wọ́n lórúkọ, nítorí pé wọ́n ti tú wọn palẹ̀, wọ́n ti tò wọ́n padà, wọ́n mọ èyí tó lè rin ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí iṣẹ́ títì rẹ̀ falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí tírélà àti kòtò fi sọ mọ́tò di arúgbó. Bí gbajúmọ̀ wa bá fẹ́ polówó ọkọ̀ fún mi, kó kọ́kọ́ wà á gba ọ̀nà yẹn láàárín ìgbà òjò, kó wá rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó bá dé Tákíé.

Ẹ má ṣe rò pé àlá ni mò ń lá. Wọ́n ti ń ṣe é níbòmíràn. Ní 1978, olórin Amẹ́ríkà kan, Pat Boone, polówó oògùn irorẹ́ tí ìjọba ní kò ṣe ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe. Àjọ tó ń mójú tó ìṣòwò níbẹ̀ ló mú un, ó sì gbà láti san lára owó tí wọ́n bá ní kí wọ́n dá padà fún àwọn oníbàárà. Ìyẹn ni onígbọ̀wọ́! Ní Íńdíà, òfin ọdún 2019 gba ìjọba láyè láti bu owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 1 rúpì lé gbajúmọ̀ tó bá fojú gbé ìpolówó ẹ̀tàn jáde, kí wọ́n sì ní kó má polówó ohunkóhun fún ọdún kan. Bó bá tún dán an wò, ìtanràn lè di mílíọ̀nù 5. Ṣùgbọ́n bó bá lè fi hàn pé òun ti wádìí ọjà náà dáadáa kóun tó sọ̀rọ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ṣé ìyẹn le jù? Kó wádìí ni wọ́n kàn ní kó ṣe.

Tiwa náà kò jìnnà mọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2022, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà ní Nàìjíríà, ARCON, ti ní kí wọ́n yé lo ojú àti ohùn àwọn àjèjì nínú ìpolówó tí wọ́n ń gbé jáde fún wa. Mo yìn wọ́n, ọmọ wa á ríṣẹ́ ṣe. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bá ọ̀rọ̀ náà dé òpin rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ pé ojú ọmọ wa la fi ń polówó báyìí, ojú tó máa tì náà wà nílé. Àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, náà ní òfin lọ́wọ́, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019. Kí àjọ méjèèjì jókòó papọ̀, kí wọ́n ṣe nǹkan mẹ́ta yìí fún wa.

Èkíní: kí gbajúmọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n sanwó fún òun tàbí wọ́n fún òun ní ọkọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe èèwọ̀ láti gbowó, èèwọ̀ ni láti fi pa mọ́.

Èkejì: kó tó sọ pé ọkọ̀ kan lágbára, kó ti wà á lórí títì tiwa fún oṣù mẹ́fà, kó sì lè dáhùn ìbéèrè bàbá mẹkáníìkì Tákíé yẹn. Èló ni páàtì ẹ̀? Níbo ni wọ́n ti ń tà á?

Ẹ̀kẹta, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì ti dun àwọn kan: kí wọ́n má ṣe san gbogbo owó gbajúmọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìdajì rẹ̀ wà nípamọ́ títí ọdún ìdánilójú tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ yóò fi pé. Bí ilé-iṣẹ́ bá mú ìlérí ṣẹ, kó gba owó rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Bí wọ́n bá sá fún oníbàárà, ibẹ̀ ni wọ́n á ti kọ́kọ́ mú owó tún ọkọ̀ oníbàárà ṣe. Ẹ ó rí i pé lọ́jọ́ kejì, gbajúmọ̀ wa á di ẹni tó ń béèrè ìwé, tó ń pe mẹkáníìkì, tó ń yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò kó tó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra mọ́tò lọ́dún yìí, ẹ má dúró de òfin. Bí ẹ bá rí ojú tó mọ́ rekete lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè àwọn bàbá wa tó ń tàwìn ní Jọ́ọ̀sì: bí ẹni yìí bá sá lọ, ṣé ìwọ lo máa san? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ kọjá lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin gbajúmọ̀ wa náà, a fẹ́ràn yín, ìdí nìyí tí ẹnu yín fi lówó lórí. Ìlú Ògúndáre Fọ́yánmu, àgbà onísáré ìjálá, ni Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n mọ Ògún níbẹ̀. Bí ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ bá fẹ́ jẹ́rìí nílé-ẹjọ́, irin ló máa ń fẹnu kàn, nítorí Ògún kì í gba irọ́. Irin sì ni ọkọ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹni tó bá dá lójú nínú yín pé ọkọ̀ tóun ń polówó dára, kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wa, kó fẹnu kan bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó tó ní ká mówó wá.